Òkun Tó Ti Dé Ewékorò Rí

Ẹni tó bá kọ́lé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá láti ọdún 1960 wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ló fi kọ́ ọ. Láti Ewékorò ni púpọ̀ nínú sìmẹ́ńtì tí a fi ṣe búlọ́ọ̀kù, tí a fi rẹ́ ògiri, tí a sì fi da ilẹ̀ ilé ti wá. Ọdún 1959 ni wọ́n forúkọ West African Portland Cement Company sílẹ̀. Nígbà tó di 1960, ọdún òmìnira gan-an, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń wú, tí wọ́n ń fọ́, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń sun nínú iná tí ooru rẹ̀ ju 1,400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó di ìyẹ̀fun inú àpò.

Ara ẹ̀dá inú òkun ló di òkúta ẹfun yẹn. Bí ẹ bá mú ègé rẹ̀ kan lọ́wọ́, tí ẹ fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ìkarahun oríṣiríṣi nínú rẹ̀. Ẹ lè rí èérún iyùn, ọwọ́ akàn, àti èèpo àwọn ẹ̀dá roboto ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń rìn nísàlẹ̀ omi iyọ̀. Bí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí àwọn onímọ̀ ń pè ní foraminifera a yọ síta. Nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni gbogbo wọn gbé ayé. Lónìí, ó lé ní 50 kìlómítà láti Ewékorò dé etí òkun. Nígbà ayé tiwọn, Ewékorò gan-an ni òkun wà.

A mọ ìtàn Abẹ́òkúta dé ọdún 1830, nígbà tí àwọn baba ńlá wa sá sábẹ́ àpáta Olúmọ. A mọ díẹ̀ nínú ti àwọn Orílé, ìlú àtijọ́ àwọn Ẹ̀gbá, tó ṣáájú rẹ̀. Ìtàn mìíràn wà nínú ilẹ̀ yìí tó gùn ju ìwọ̀nyí lọ: ìtàn bí òkun ṣe ń wọlé, tó sì ń padà. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ilẹ̀ wa wà lára àwọn ibi tí ayé ti lè mọ bí òkun ṣe ń ṣe. À ń sun ẹ̀rí náà níná láìfi díẹ̀ pamọ́, àsìkò yìí gan-an la sì nílò rẹ̀ jù lọ.

Láti Olúmọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù

Olúmọ kò bá òkun tan. Inú ilẹ̀ jíjìn, níbi tí ooru àti ìwúwo pọ̀ sí, ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti dì, ó sì ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Òun ni ìpìlẹ̀ tí Abẹ́òkúta jókòó lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjú sí ọ̀nà Èkó, tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ gba Ìtòrí, Ewékorò, Pápálántò àti Ifọ̀, òkúta líle yẹn a máa wọlẹ̀ lọ, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun a sì máa gorí rẹ̀ ní ìpele ìpele.

Orúkọ Abẹ́òkúta ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pe ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Jones àti Hockey ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí ilẹ̀ gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ní 1964; ní 1981 ni Omatsola àti Adégòkè tún un pín sí mẹ́ta. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí odò kó wá ló pọ̀ nínú rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, amọ̀ tó ní ẹ̀dá òkun nínú bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Lórí rẹ̀ ni òkúta ẹfun Ewékorò wà, tó nípọn tó bíi mítà 11 níbi tí wọ́n ti ń wà á. Irú àwọn ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀ kì í gbé inú omi rírú tàbí omi tútù. Òkun tí kò jìn, tó mọ́, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè dé ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gòkè díẹ̀ sí i. Lórí òkúta ẹfun náà ni ìpele tín-ín-rín kan tó láwọ̀ ewé wà, èyí tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní glauconite kún inú rẹ̀. Èròjà yìí kì í sábà dì àfi ní ìsàlẹ̀ òkun tí iyanrìn àti amọ̀ orí ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé mọ́. Ìyẹn ni pé etí omi ti sún jìnnà sí ibẹ̀, òkun sì ti wọlé sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ dúdú tí wọ́n fi orúkọ abúlé Akínbọ̀ pè, tó jẹ́ ti omi tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a bá dé orí pátápátá, iyanrìn ti padà dé, èyí tó fi hàn pé òkun ti ń lọ, odò sì ti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó dúró nínú kòtò Ewékorò, tó gbójú wo ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gbogbo ìwọlé òkun yẹn ló ń wò ní ìdúró kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àwọn ẹ̀dá inú òkúta yìí. Iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí Ewékorò jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977. Kì í ṣe ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìkan ni òkun yẹn gbà. Ó gba gúúsù Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú, ó sì tún padà wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ní Kpogamé, níbi tí Tógò ti ń wa phosphate, Gingerich àti Cappetta ṣàpèjúwe egungun àbùùbùtán kan ní 2014, irú èyí tó ṣì ní ẹsẹ̀, tó gbé ayé ní bíi 45 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Togocetus ni wọ́n sọ ọ́.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Ṣàgámù. Irú ìpele òkúta kan náà ló so Ṣàgámù pọ̀ mọ́ Ewékorò. Ní 2017, Joost Frieling láti Yunifásítì Utrecht ní Netherlands tẹ ìwádìí kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Adékẹ́yẹ àti Àkàndé ti Yunifásítì Ìlọrin wà lára wọn. Inú ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ṣàgámù ni wọ́n ti bu amọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kábọ́ọ̀nù rọ́ wọ ojú ọ̀run lọ́pọ̀ yanturu, tí gbogbo ayé sì gbóná lójijì. Wọ́n rí i pé òkun tó wà níbí gbóná dé ìwọ̀n 36 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé àwọn ẹ̀dá wínníwínní kan tó ń gbé inú rẹ̀ kò lè fara dà á, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn kan gbà pé ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí òkun ilẹ̀ olóoru gbóná kọjá ìwọ̀n kan. Amọ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ló fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé òkun ló gòkè ni, àbí ilẹ̀ ló rì?

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó bá rí ìkarahun òkun lórí ilẹ̀ gbígbẹ gbọ́dọ̀ dáhùn: ṣé òkun ló gòkè dé ibẹ̀, àbí ilẹ̀ ló rì tí òkun fi bò ó? Ní Ewékorò, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà pínyà, ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, etí ilẹ̀ wa fà ya, ó sì ń rì díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ayé ìgbà náà gbóná, kò sí òkè yìnyín ńlá ní ìhà àríwá tàbí gúúsù pátápátá ayé. Omi tó di yìnyín lónìí, inú òkun ló wà. Bí gbogbo yìnyín tó wà ní Antarctica àti Greenland bá yọ́ lónìí, òkun yóò gòkè ní bíi mítà 65.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí gbé níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ rí, nígbà tí ayé wá tutù lẹ́yìn náà. Ní Súwídìn, àwọn apẹja rí i pé omi ń fà kúrò lára àpáta tí wọ́n mọ̀ láti kékeré, àti pé èbúté àwọn bàbá wọn ti di orí ilẹ̀. Ní 1731, Anders Celsius, ẹni tí òṣùwọ̀n ooru ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní kí wọ́n fi àmì sára àpáta kan ní erékùṣù Lövgrund, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ iye tí omi fi sọ̀kalẹ̀. Òun rò pé omi òkun ló ń dín kù. Ní 1865, Thomas Jamieson dábàá ìdáhùn tó tọ̀nà. Ará Ellon ni, nítòsí Aberdeen ní Skọ́tíláńdì. Ó ní ìwúwo yìnyín ló tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí yìnyín sì yọ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Yìnyín tó bo Kánádà nípọn tó kìlómítà mẹ́ta níbòmíràn, èyí tó bo Nọ́wè àti Súwídìn náà kò kéré. Ilẹ̀ abẹ́ wọn ṣe bíi fóòmù tí èèyàn jókòó lé: ó rì nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ó sì ń wú padà nígbà tí ẹrù kúrò, àmọ́ ó lọ́ra débi pé kò tíì wú tán lẹ́yìn 10,000 ọdún. Ní apá àríwá Òkun Baltic, ilẹ̀ ṣì ń gòkè ní bíi mílímítà 8 tàbí 9 lọ́dún. Ní Höga Kusten ní Súwídìn, àmì etí omi àtijọ́ wà lára òkè ní mítà 286 lókè ojú òkun òní. Orí Olúmọ, tí wọ́n wọ̀n sí mítà 137 lókè ojú òkun, kò tó ìdajì ibẹ̀. Ní Skọ́tíláńdì, nítòsí ìlú Stirling, wọ́n hú egungun àbùùbùtán láti inú amọ̀ ilẹ̀ oko tí òkun kò dé mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣírò ibi tí òkun dúró sí ní ìgbà kan? Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní: ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ orí rẹ̀, àti bí ibi tó gbé ṣe jìnnà sí ojú omi tó nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló le jù. Ìkarahun tí ìgbì lè gbé jù síbikíbi kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá wínníwínní kan wà tí kì í gbé àfi ibi tí omi òkun ń kún dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wà nínú amọ̀ kan, etí omi kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn adágún kan tún wà ní Skọ́tíláńdì àti Nọ́wè tó jẹ́ apá òkun tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ tó wú tó sì gé wọn kúrò. Bí wọ́n bá fi irin gbu amọ̀ ìsàlẹ̀ irú adágún bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá omi iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀dá omi dídùn sì wà lókè. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló ń fi ìgbà tí òkun kúrò hàn. Kábọ́ọ̀nù 14 tó wà nínú ewé àti igi jíjẹrà inú amọ̀ náà ni wọ́n fi ń mọ ọdún rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kó ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ láti adágún gíga dé adágún ìsàlẹ̀, wọ́n á tò ó tẹ̀ léra, ìrìn òkun á sì hàn kedere.

Yìnyín kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n omi wa ló gbà

Ní nǹkan bí 21,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín pọ̀ jù, inú òkun ni omi rẹ̀ ti wá. Òkun gbogbo ayé lọ sílẹ̀ ní bíi mítà 120 sí 130. Ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, etí omi sún síwájú ní nǹkan bí 30 kìlómítà ju ibi tó wà lónìí lọ. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni Badagry, Èkó àti Lẹ́kì wà nígbà náà. Odò Ògùn, tó ń gba àárín Abẹ́òkúta kọjá, kò tíì dúró ní ọ̀sà kankan. Ó ń sàn lọ tààrà, ó ń gbẹ́ àfonífojì rẹ̀ jìn títí yóò fi bá òkun lọ́nà jíjìn. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà wá, ó wọ ẹnu àwọn odò, ìgbì sì ń gbọ́n iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn títí ó fi dí iwájú wọn. Bí ọ̀sà Èkó ṣe wáyé nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní 1962, Allen àti Wells kọ̀wé nípa àwọn òkìtì iyùn tó ti kú lórí ilẹ̀ abẹ́ òkun níwájú ẹnu Odò Ọya. Inú omi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn dé nísàlẹ̀ ni irú iyùn bẹ́ẹ̀ ń gbé. Omi ti wá jìn jù fún un níbẹ̀ báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó jẹ́ aṣáájú nínú kíka ìyẹ̀fun òdòdó àtijọ́ ní Nàìjíríà, gba ọ̀nà mìíràn. Ìyẹ̀fun òdòdó kì í tètè jẹrà nínú ẹrẹ̀. Igi mangrove, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń nà gẹ̀gẹ̀ lókè ẹrẹ̀, kì í hù àfi níbi tí omi iyọ̀ bá dé. Nítorí náà, níbi tí ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ bá pọ̀ sí nínú amọ̀, òkun kò jìnnà. Nínú amọ̀ tí wọ́n gbu ní Ahánvè, lágbègbè Badagry, ó rí i pé igi yìí kún ibẹ̀ bámú rí, kó tó di pé ó pòórá lójijì ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Omi iyọ̀ ti pàdánù ọ̀nà rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí tí ayé fi nílò ẹ̀rí tiwa kò ṣòro. Ní Skọ́tíláńdì àti Súwídìn, ilẹ̀ àti òkun jọ ń rìn ni, ó sì ṣòro láti ya ìrìn ọ̀kan kúrò lára ti èkejì. Ọ̀dọ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín kò jókòó lé ilẹ̀ yìí rí láàárín ìgbà náà, nítorí náà ìrìn òkun níbí sún mọ́ ìrìn omi fúnra rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò ní àtúnṣe kankan: omi tó padà dé ní ìwúwo tirẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ abẹ́ òkun, etí ilẹ̀ sì ń gbé sókè díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkun fi ga ju ti òní lọ díẹ̀ ní àwọn apá kan etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, débi pé ìkarahun òkun wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ jìnnà sí omi ní Moritéńíà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye yìnyín tó yọ́ àti bí ó ṣe yára tó, ó gbọ́dọ̀ fi ti Skọ́tíláńdì wé ti Badagry.

Ohun tó kàn wá lónìí

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà rẹ̀. Ní Ìṣẹrì, Àkùtè àti Warewa, níbi tí Odò Ògùn ti ń sún mọ́ ọ̀sà, omi odò tí òjò àti ìdídò Ọyán bá tú sílẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà lọ nígbà tí ọ̀sà bá kún. Bí òkun bá ṣe ń gòkè ni ọ̀sà yóò máa kún, bí ọ̀sà bá sì ṣe ń kún ni omi yóò máa pẹ́ nínú ilé àwọn ènìyàn. Lọ́wọ́lọ́wọ́, òkun ayé ń gòkè ní ohun tó lé ní mílímítà 4 lọ́dún. Àwọn kan lè ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìgbà tí yìnyín ń yọ́ fi hàn pé ó lè yára gan-an: ní nǹkan bí 14,500 ọdún sẹ́yìn, ó gòkè ju mítà 10 lọ láàárín ọdún tí kò ju 500 lọ.

Iṣẹ́ sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kábọ́ọ̀nù tí àwọn ẹ̀dá òkun Ewékorò fi kọ́ èèpo ara wọn ti wà nínú òkúta láti 60 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí wọ́n bá sun ún, kábọ́ọ̀nù náà a jáde lọ sójú ọ̀run. Nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù díọ́kísáìdì tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde lágbàáyé, sìmẹ́ńtì ló ni bíi 7 tàbí 8 nínú 100, ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ ló sì ń ti inú òkúta fúnra rẹ̀ wá. Òun náà wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná, tó sì ń yọ́ yìnyín. N kò sọ pé kí Ewékorò má ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jẹun níbẹ̀, a kò sì tíì kọ́ ilé tó yẹ ká kọ́ tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí a sun ohun tó lè kọ́ wa ní ibi tí ọ̀nà yìí ń lọ tán.

Àwọn mìíràn ti ṣe é. Ní Íjíbítì, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ni Dababiya, nítòsí Luxor. Nínú ògiri rẹ̀ ni ìgbà gbígbóná tí wọ́n wá lọ sí Ṣàgámù ti hàn kedere, nítorí náà ní 2003 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé yàn án gẹ́gẹ́ bí ibi tí gbogbo ayé yóò ti máa wo ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó bá ìgbà gbígbóná náà bẹ̀rẹ̀. Íjíbítì sì sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ààbò. Tiwa kò kéré níyì.

Ohun tí a lè ṣe kò ju agbára wa lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa òkúta lè fi ògiri kan sílẹ̀ ní Ewékorò àti òmíràn ní Ṣàgámù, láti ìsàlẹ̀ òkúta ẹfun dé orí amọ̀ dúdú, kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn àti òrùlé sí i, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè fojú rí i kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè àti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, lè máa gba ègé òkúta tó ní ẹ̀dá nínú lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wà á, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí i sára rẹ̀. Kí wọ́n tó da iyanrìn bo gbogbo àkúrọ̀ Odò Ògùn láti Ìṣẹrì sókè fún ilé kíkọ́, kí àwọn onímọ̀ gbu amọ̀ rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìrìn ọ̀sà láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ wà. Ó sì yẹ kí wọ́n gbé òkúta Ewékorò ńlá kan, tí ìkarahun kún ara rẹ̀, sí iwájú Olúmọ, níbi tí àlejò gbogbo ayé ń wá, kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí i lédè Yorùbá.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ti ògiri ló yẹ kó ṣáájú. A lè gbu amọ̀ àkúrọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lọ́dún márùn-ún sí i. Òkúta ẹfun tí wọ́n bá ti lọ̀ kò ní padà. Ìjókòó kan láàárín ìjọba, iléeṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó láti yan ibi tí ògiri náà yóò wà, ó sì yẹ kí ìjókòó náà wáyé kí wọ́n tó wa apá tó kù.